Máàpù Tí Mo Fi Bo Ìwé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí tí a kó wọ ilé ìjọba ní Fẹ́sítààkì, nílùú Èkó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí òórùn ọ̀dà tuntun lára ògiri, àti ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké nínú irà tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ tèmi ni bíbó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ní gbogbo Sátidé.

Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ da àwọn máàpù àtijọ́ nù, ó tọrọ mẹ́ta, ó ká wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, yóò tẹ́ wọn sórí ẹní, kí n lè rí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ Èkó di ìlú èbúté. Lórí èyí tó pẹ́ jù, nọ́ńbà kéékèèké ló kún ojú omi.

"Jíjìn omi nìyẹn," ni bàbá mi wí. "Ibi tí ọkọ̀ wọn lè gbà ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n."

Síbẹ̀, orúkọ àwọn abúlé etí ọ̀sà wà níbẹ̀. Lórí èkejì, ojú irin ti dé etí omi. Lórí ẹ̀kẹta, èbúté Àpápá ti fẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn abúlé ìhà tiwa wà tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: irà.

"Ṣé àwọn èèyàn náà kó lọ ni?"

"Wọn ò kó lọ. Wọn ò wúlò fún ọkọ̀ ni."

Ọ̀kan nínú wọn ni Bàbá Sùnmọ́nù, apẹja àgbà tó máa ń gbé akàn wá fún ìyá mi, tó sì ń pè mí ní ìyàwó rẹ̀. Abúlé Alákàn, tí àdúgbò wa bò mọ́lẹ̀, ni wọ́n bí i sí. Ìgbìmọ̀ kan ń pín ilẹ̀ mìíràn fún àwọn onílẹ̀ tí ìjọba gba ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí abúlé kankan níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí bàbá mi fi orúkọ náà hàn án lórí máàpù àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí n wá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. A jọ ń lọ ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a wọlé sáà tuntun. Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹni tí kò bo ìwé rẹ̀, ẹgba mẹ́fà ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti pín kàlẹ́ńdà àtijọ́ láàárín ara wọn tán. Ni mo bá mú máàpù tó gbó jù. Mo rò pé tuntun ló wúlò, àti pé Bàbá Sùnmọ́nù ti rí tirẹ̀, ó ti tán. Mo fi bíléèdì gé e, mo fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́. Tísà yìn mí níwájú kíláàsì. Ìyá mi fi àjákù rẹ̀ dáná èédú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Sùnmọ́nù dé pẹ̀lú fìlà tuntun. Máàpù méjì péré ni bàbá mi rí. Mo kó ìwé mi wá. Bàbá mi tò wọ́n sílẹ̀, omi pàdé omi, ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ náà wà kò sí níbẹ̀.

"Dúpẹ́, èyí tó kù ńkọ́?"

Ìyá mi wo ìdí àdògán.

"Ẹ má nà án," ni Bàbá Sùnmọ́nù wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Àwọn ìgbìmọ̀ tẹ́ máàpù tuntun, wọ́n nàka sí irà. Bàbá mi búra pé òun rí orúkọ náà. Wọ́n ní kó mú un wá. Wọn kò fún bàbá àgbà náà ní ilẹ̀. Kò tún pè mí ní ìyàwó mọ́ títí ó fi kú sí yàrá àyágbé kan ní ìhà Mile 2. Bàbá mi kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí.

Láyé ìgbà yẹn, máàpù ṣọ̀wọ́n. Lónìí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Apple Junction ló wà nínú fóònù ọmọ-ọmọ mi. Mo ní kó bá mi wá Abúlé Alákàn. Ó ní, "Màmá, kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Èmi tí mo kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mú bíró, mo kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mí kọ́gbọ́n. Bí àgbàlagbà bá dárúkọ ibi tí kò sí mọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rò pé ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.