Ọjọ́ Tí Mo Sẹ́ Mọ́mì Mi ní Ilé Olódi

Òórùn òdòdó róòsì tí òjò rọ̀ sí ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Fèrèsé yàrá náà ga ju ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Rippleside nílùú òyìnbó lọ, ògiri òkúta rẹ̀ sì nípọn gan-an. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mọ́mì mi ò sí níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Mọ́mì ti ń ṣiṣẹ́, lápá Dagenham Heathway. Wọ́n ń wẹ arúgbó, wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń nu ilẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pawọ́ pọ̀ fún wọn ní ẹ̀bùn: kí àwa méjèèjì lọ sun ọjọ́ kan ní ilé olódi àtijọ́ kan ní ìgbèríko. Ìdílé tó ti ni ilé náà láti ayébáyé ṣì ń gbé inú rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ń gba àlejò. Ìyá àgbà ilé náà ló ń tọ́jú ọgbà òdòdó, bàtà òjò ló ń wọ̀ káàkiri. Bí a ṣe dé, Mọ́mì kúnlẹ̀ kí i. Ìyá àgbà rò pé Mọ́mì ṣubú ni, ló bá sáré dì wọ́n mú! Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ o: kí Mọ́mì jẹ́ àlejò bíi tàwọn yòókù, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé iṣẹ́ ilẹ̀ nínù ni wọ́n ń ṣe.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Háà! Mọ́mì rèé nínú àgbàlá, wọ́n so ìborùn mọ́rí, wọ́n ń gbá ewé róòsì tó já sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ọ́: "Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹni tó sun ilé onílé, tí ò gbálẹ̀ kó tó jẹun, wọn ò kọ́ ọ nílé ni." Bí a ti ń ṣe nìyẹn nílé ẹ̀gbọ́n wọn ní Chadwell Heath. Ṣùgbọ́n ibí kì í ṣe Chadwell Heath.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ kí n lọ gba ìgbálẹ̀. Ọmọbìnrin òyìnbó kan, àlejò bíi tiwa, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé ṣé mo mọ obìnrin tó ń gbálẹ̀ yẹn.

"Rárá," ni mo wí. "Òṣìṣẹ́ ibí ni."

Mọ́mì ò jìnnà sí wa. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n wò mí. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n kí ọmọ náà káàárọ̀, wọ́n sì ń gbálẹ̀ wọn lọ bí òṣìṣẹ́. Wọn ò wá jẹun. Wọ́n ní ààwẹ̀ làwọn gbà. Èmi nìkan ni mo jókòó sídìí tábìlì ńlá tí wọ́n tẹ́ oúnjẹ sí.

Látìgbà náà, bí wọ́n bá wá mú mi níléèwé, wọn kì í wọ géètì mọ́. Òdìkejì títì ni wọ́n ń dúró sí nínú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n á máa wo ibòmíràn títí màá fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yé mi pé torí mi ni. Lọ́jọ́ tó yé mi, ó dùn mí dọ́kàn. Mo dúró sí géètì láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo figbe ta: "Mọ́mì mi o! Ẹ wá mú mi!"

Wọ́n sọdá. "Kí ló dé tí ò ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè?" Ṣùgbọ́n omi ti wà lójú wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà rò pé igbe yẹn ti tó ẹ̀bẹ̀. Lójú èmi tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, kò tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bẹ Mọ́mì pé kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ilé olódi wo? Ìwọ ọmọ yìí, mo ti gbàgbé pátápátá."

Irọ́ ni. Obìnrin tó ṣì ń dárúkọ gbogbo arúgbó tó tọ́jú rí! Irọ́ tèmi ìjọ́sí, ara mi ni mo fi gbà là. Irọ́ tiwọn, èmi ni wọ́n fi bò láṣìírí.