Bísíríyù àti Àgbò Tí Kò Sí

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Bísíríyù ti lò ní Maiduguri, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òun fúnra rẹ̀ débẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣìnà wọ ilé onílé. Korobá, abọ́ àti kẹ́túlù àlùwàlá oníke ló ń tà ní Monday Market. Bó bá ń sọ Haúsá, ọ̀rọ̀ a máa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bó bá wá di Yorùbá, ọ̀rọ̀ a máa tiro. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀, ó jẹun tán, ó ní, "Ọ̀bẹ yìí dùn gan-an," ni wọ́n bá yára kó gbogbo ọ̀bẹ ilé pamọ́.

Nítorí èyí, tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá bá ń ṣèpàdé lóṣooṣù, ẹnu ọ̀nà ni Bísíríyù máa ń jókòó sí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ń sọ: "Mo fara mọ́ ọn." Kódà nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó jókòó lé fìlà alága, ohun tó sọ náà nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú Iléyá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́wọ́ obìnrin kan ní Baga Road, ó mu ife ńlá kan, inú rẹ̀ sì dàrú. Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé títí agara fi dá a, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ìpàdé sì ku díẹ̀, ó kọ̀wé sí ojúde Wọ́tsáàpù ẹgbẹ́:

"E ma binu, mi o le wa sipade. Agbo ti mo mu lanaa fee pa mi. O gbe mi subu leemeji, sugbon mo ti bo lowo re."

Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ta ló ń fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù? Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ nìkan ni, olùkọ́ yunifásítì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń tún ìlú tò. Gbogbo èèyàn máa ń fo ohun tó bá kọ, wọ́n ní àmì rẹ̀ ń ta àwọn lójú.

Rasaq tó ń tún fóònù ṣe ló kọ́kọ́ ka ohun tí Bísíríyù kọ. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́: "Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ mi o! Bísíríyù wa, ẹni jẹ́jẹ́, ló mú àgbò lánàá! Àgbò gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, kò kú!"

Kó tó di ìrun Àílà, ìwo àgbò náà ti gùn tó apá èèyàn. Nígbà tí yóò fi di Àlàásárì, àgbò ti di méjì. Ẹnì kan tilẹ̀ ní màlúù ni, pé Kasuwan Shanu, ọjà ẹran, ló ti já wá.

Alága ẹgbẹ́, Alhaji Jàáfárù aláṣọ, kó àgbàlagbà méjì lẹ́yìn, ó di ilé Bísíríyù. Wọ́n bá a lórí ẹní.

"O kú ewu o, Bísíríyù. Ṣé ó kàn gan-an?"

Bísíríyù rò pé wọ́n ń bi òun bóyá àgbo náà kan lẹ́nu ni. "Alhaji, ó kan! Ẹnu ṣì ń ta mí di ìsinsìnyí."

"Ẹnu ló ti kàn án!" ni Jàáfárù wí fún àwọn tó tẹ̀lé e. "Kí lo wá ṣe?"

"Mo dijú, mo dimú."

"Kí ló dé tí o fi dimú?"

"Òórùn rẹ̀ burú."

"Àgbò kì í wẹ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà dá sí i, ó ń mi orí.

"Mo wá gbójú sókè," ni Bísíríyù ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mo bá dà á." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun da àgbo sọ́nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tún tiro, "mo bá dá a" ló jáde.

"Ó dá a! Ó dijú, ó dá àgbò mọ́lẹ̀! Allahu Akbar!"

Mùfúlíátù ìyàwó rẹ̀ wà ní ibi ìdáná, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tí kókó tó ń rò fi jóná. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Àsíátù, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹranko ni wọ́n rò pé ẹ bá jà?"

Bísíríyù fò dìde. "Subhanallahi! Màá tún un ṣe nípàdé tó ń bọ̀."

Bó ṣe wọlé ìpàdé, gbogbo èèyàn dìde. Wọ́n fà á kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi í jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Afẹ́fẹ́ náà tù ú lára púpọ̀. Síbẹ̀, ó ṣọkàn akin, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kò sí àgbò kankan."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Akọni kì í fọ́nnu!"

Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ nàgà sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kò fi àmì sí i ni! Àgbo ló mu, kì í ṣe àgbò ló mú!"

"Dókítà, ẹ jókòó," ni Jàáfárù wí. "Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀, Alhaji!"

"Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Òun àti àgbò nìkan ni."

Dókítà jókòó, ó sì yọ ìwé kékeré kan jáde, ó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ kíákíá. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti fi Bísíríyù ṣe ẹni tí yóò máa bá ẹgbẹ́ yan àgbò Iléyá. Ohun tó lè sọ kò ju pé, "Mo fara mọ́ ọn."

Òun àti Jàáfárù wọ kẹ̀kẹ́ nápẹ̀ẹ̀pù lọ sí Kasuwan Shanu. Bísíríyù kò mọ eyín àgbò yàtọ̀ sí ti èèyàn. Ohun tó mọ̀ ni kíkí. Ó bá Ṣéhù, ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan tó ń ta àgbò níbẹ̀, jókòó, ó fi Haúsá tó mọ́ bí omi kí i, ó bèèrè ìyàwó, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè eékún ìyá rẹ̀ tó ń dùn ún. Inú Ṣéhù dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ fún un wẹ́rẹ́ pé kó má ra funfun yẹn o, pé ikọ́ ń ṣe é, kó mú àwọn aláwọ̀ pupa tó wà lẹ́yìn.

Wọ́n ń kó wọn jáde lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kan já okùn. Ó tẹ orí ba, ó kọjú sí wọn. Nígbà tí Bísíríyù yóò fi mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Jàáfárù ló jókòó níbẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nísàlẹ̀, àgbò ń jẹ èkejì.

"Alhaji," ni Bísíríyù wí, "kí la máa sọ fún wọn?"

Jàáfárù nu òógùn ojú. "A gun òkè láti lè rí gbogbo ọjà dáadáa."

"Mo fara mọ́ ọn."

Àgbò ọdún náà dára dé ibi tí àwọn ará ọ̀nà jíjìn fi ń bèèrè ẹni tó yàn wọ́n. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pe Bísíríyù ní nǹkan mìíràn ju Baba Alágbò lọ. Àwọn tó wá ra korobá lọ́dọ̀ rẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ ní apá wò.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Yorùbá ní gbogbo Sátidé. Bísíríyù nawọ́. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ó ṣi ohùn lò níbi mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ẹnu ọ̀nà ló ti ké sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Àsíátù, wọ́n gbọ́ mi lónìí!"

"Wọ́n gbọ́ yín," ni Mùfúlíátù dáhùn, ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. "Ṣùgbọ́n bóyá ohun tí ẹ sọ yé wọn, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà."