Obìnrin Inú Àwòrán Tí Bàbá Mi Fi Ránṣẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ṣábẹ̀ẹ́, láyé ìjọba ológun tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamaráàdì, Kútọnu ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé ìròyìn kì í tètè dé nígbà náà. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, a kò gbúròó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí à ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, tí oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, ọkùnrin kan sáré wọlé, ó fún ìyá mi ní ìwé kan tí wọ́n ká, ó ní ọkọ rẹ̀ ló fi rán òun, ó sì sáré padà kí ọkọ̀ ojú irin má baà fi í sílẹ̀. A tú ìwé náà. Kò sí lẹ́tà níbẹ̀, àfi àwòrán obìnrin òyìnbó kan: aṣọ dúdú, ìbòrí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó káwọ́ léra, kò sì ní irun òkè ojú rárá.

Ìyá bàbá mi wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àrokò rèé. Opó nìyí. Wọ́n fá a títí dé ojú!" Ìyá mi ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n ní kí èmi Àbíkẹ́ sáré pe katikísì tó ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá Àbíkẹ́, ẹ nu omijé nù. Gbogbo ayé ló mọ àwòrán yìí. Ọmọ Ítálì kan ló yà á láyé àtijọ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀."

"Kò rẹ́rìn-ín," ni ìyá mi wí.

"Ó dáa, ẹyinjú rẹ̀ ni kí ẹ wò."

"Héè! Ó ti ń rẹ́rìn-ín!"

Ó tún wo ẹnu, ẹ̀rín ti lọ. Katikísì ní ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà wà: ayàwòrán yẹn kò fa ilà sí ìkángun ẹnu rẹ̀, ó kan ń tẹ́ ọ̀dà lé ọ̀dà bí èéfín, ojú tiwa ló ń bá a parí ẹ̀rín náà.

"Opó wo ló ń rẹ́rìn-ín báyìí?" ni ó bi wọ́n.

Ìyá àgbà ní, "Bóyá ọkọ rẹ̀ kò sunwọ̀n."

Tẹkúntẹkún ni ìyá mi fi rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, a kò sùn dáadáa títí di Sátidé, tí bàbá mi fúnra rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, búrẹ́dì lábíyá.

Nígbà tí a bi í pé lẹ́tà dà, ó ní, "Ẹni tó ń bọ̀ nílé tún ń kọ lẹ́tà ni? Àwòrán náà wù mí, ẹrù mi sì ti kún!"

Ìyá àgbà gbá a lẹ́yìn bí ọmọdé, ó sì lọ gún iyán fún un. Ọlọ́run ṣeun.

Lónìí, àràárọ̀ ni àwọn ọmọ mi ń pè mí, ọkàn mi balẹ̀, mo sì ń dúpẹ́. Obìnrin yẹn wà lórí fóònù wọn náà, ṣùgbọ́n wọ́n á ti fi ìka gbá a kọjá kí ó tó rẹ́rìn-ín.