Agbọ̀n Koríko Lẹ́sẹ̀ Òkè Oníyìnyín

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dá iná igi nítòsí mi, abúlé kan ní Nepal ni ọkàn mi máa ń lọ, kì í ṣe Èkìtì tí wọ́n ti bí màmá mi, kì í sì í ṣe Thames View ní Barking tí mo ti dàgbà. Èéfín igi pẹ̀lú tíì tí wọ́n fi wàrà ẹfọ̀n sè ló máa ń jí mi níbẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà.

Ántí Máyà, ọmọ Nepal, àti màmá mi ló jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ántí Máyà fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ lábúlé nígbà ìsinmi Àjíǹde, ó ní ká jọ lọ. Màmá mi, tí kì í lọ síbì kan ju ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi iṣẹ́ lọ, gbà lẹ́ẹ̀kan náà. "Wọ́n ní òkè ló yí wọn ká," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí òkè." Kò parọ́. Ilẹ̀ Barking tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ni.

Ní tèmi, òkè oníyìnyín ni mo ń bá lọ. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì mi pé n óò ya fọ́tò rẹ̀ wálé. Àmọ́ láràárọ̀ ni kùrukùru ń bo gbogbo nǹkan. "Òkè kì í lọ síbì kankan," ni Ántí Máyà ń fi tù mí nínú. Màmá mi ò tilẹ̀ bìkítà. Kò sí ẹni tó kọjá tí màmá mi kò kúnlẹ̀ díẹ̀ kí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àárọ̀ yìí," wọ́n á sì pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ dá a lóhùn bí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ibi tí wọ́n bá to òkúta sí lábẹ́ igi kí ẹlẹ́rù lè sinmi, àfi kó jókòó. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú, wákàtí kan gbáko la fi ń rìn ín. Bí mo bá fà á lọ́wọ́, á ní, "Bọ́lá, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó máa ń bí mi nínú gan-an.

Lọ́jọ́ tó ṣẹ́kù ọ̀la ká padà, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ántí Máyà ní bí a bá tètè gun gegele tó wà lẹ́yìn abúlé, a ó rí òkè náà kí kùrukùru tó dé. Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo sáré ṣíwájú. Àfi bí ìyá Ántí Máyà ṣe yọ láti ẹ̀gbẹ́ oko, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, agbọ̀n gọ̀dọ̀gbà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tó kún fún koríko tó pa fún ẹfọ̀n rẹ̀.

Nílé wa, ọmọ kì í rí àgbà tó gbé ẹrù kó kọjá lára rẹ̀. Wàá kọ́kọ́ gbà á ni, kó o tó sọ̀rọ̀. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," màmá mi kì í jẹ́ ká gbàgbé. Mo bá di agbọ̀n náà mú látẹ̀yìn, mo fà á, kí n lè gbé e rù. N kò mọ̀ pé ọ̀já agbọ̀n ọ̀hún, iwájú orí ni wọ́n ń fi kọ́ ọ. Orí ìyá oníyàá ni mo fà! Ó fìdí jókòó gbì, agbọ̀n dojú dé, koríko sì yí lọ sínú àwọn oko ìsàlẹ̀ tí wọ́n gé bí àtẹ̀gùn.

"Yéè! Bọ́lá! Who sent you?" Màmá mi ti dé, ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ṣé mo ní kó o fa màmá olómàmá lulẹ̀ ni?"

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, Ántí Máyà sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ọmọ rere ni ẹ́, ṣùgbọ́n iwájú ni kó o máa gbà wá."

A ṣa koríko náà tán. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, kùrukùru ti bo òkè náà. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Màmá àgbà kò bẹ̀ mí. Ó kó ìlàjì koríko náà mọ́ àyà ara rẹ̀, ó gbé agbọ̀n kọ́ mi lẹ́yìn, ó fi ọ̀já sí iwájú orí mi. Bí ọ̀já yẹn bá wà lórí rẹ, o ò lè sáré, o ò sì lè wòkè. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá máa wò. Mo rí èèrà tó tò lórí òkúta, mo rí òdòdó pupa wínníwínní, mo rí ojú ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà. Nígbà tí a dé ibi ìsinmi, èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó. Ibẹ̀ ni màmá mi ti yà mí ní fọ́tò.

Nígbà tí a wọlé padà sí iléèwé, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wo fọ́tò náà títí. "So where's the mountain, then?"

"It's behind me, innit," ni mo dá a lóhùn.

Ọjọ́ orí mi ti ju ti màmá mi ìgbà yẹn lọ báyìí. Ní Sátidé tó kọjá, àwa méjèèjì ń bọ̀ láti ọjà Barking, orúnkún ń dun màmá mi, síbẹ̀ ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì. Bọ́ọ̀sì Thames View dé, ó sì lọ níṣojú wa. Mo pòṣé. Lẹ́yìn náà ni mo bọ́ síwájú rẹ̀: "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé báàgì yẹn."

Ó wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹn-ẹ́n. O ti wá mọ iwájú."

A jókòó sí ibùdókọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ì bá ti bú sẹ́kún. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wo aago, mo ti ń gbọ́wọ́ sókè. Òótọ́ ni Ántí Máyà sọ, òkè kì í lọ síbì kankan. Màmá mi ni kò ní wà títí, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gidigidi. Mo bá gbàdúrà kí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ pẹ́ díẹ̀ sí i.