Ooru Inú Agbọ̀n Obì àti Agbo Ìràwọ̀

Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó kékeré ní Ìwó, ní àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira, kò sí ohun tí n kò mọ̀. Ẹnu ara mi sì ni ẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Obì gbànja ni mo ń tà. Ìyálé mi ló kọ́ mi níṣẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni mo wà títí mo fi sọ fún un pé mo fẹ́ dá dúró. Ó ní kò burú. Ó ní tí Màláàmù tó ń wá kó obì lọ sókè Ọya bá gba agbọ̀n mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo bá dì, mo di ọ̀gá ara mi. Tí ó bá kọ ẹyọ kan, kí n padà wá máa ṣa obì fún òun, kí n sì dín ẹnu kù.

Tíṣà kan háyà yàrá nílé wa nígbà náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé ìwé ló ń jẹ ju oúnjẹ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ìṣáà, ó dúró lójúde, ó ń wòkè. Mo bi í bóyá ìyàwó ló ń wá lọ́hùn-ún.

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí nǹkan funfun kan tó nà gbọọrọ lójú ọ̀run. "Ìyàwó, kí lẹ ń pe ìyẹn?"

"Ìkùukùu."

"Ìràwọ̀ ni. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì jìnnà, ojú wa ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wò ó, ibì kan nípọn ju ibì kan lọ."

Ó ní agbo ìràwọ̀ mìíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, agbo lẹ́yìn agbo, tí ojú kò lè rí rárá, àti pé àwọn agbo náà máa ń ṣù jọ bí ilé ṣe ń ṣù jọ di àdúgbò. Ó ní ooru wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó kàn kéré débi pé ara ò lè mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá lè to ọ̀run, yóò rí i pé kò lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà níbi gbogbo.

"Èwo ló wá gbóná jù nínú wọn?"

"Kì í ṣe ẹyọ kan, Ìyàwó. Ṣíṣù tí wọ́n ṣù jọ ni."

Mo sọ fún ìyálé mi pé ebi ti ń pa tíṣà. Ó ní, "Òun ṣáà ń wò kó tó sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ kẹta ni Màláàmù dé. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé tí mo fi bo agbọ̀n kìíní, ó ní ó dára. Ti èkejì náà dára. Ní ẹ̀kẹta, ó ń ti ọwọ́ káàkiri.

"Ibí gbóná. Ibí tutù. Ibí tún gbóná."

Obì tó bá gbóná nínú agbọ̀n, ojú ọ̀nà ni yóò bàjẹ́ sí. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dákẹ́. "Màláàmù, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń dà á rú. N ó yọ ọ́ jáde kí ẹ tó mumi tán." Mo tún pe àwọn obìnrin tó ń kọjá pé kí wọ́n wá wò ó.

Mo ń yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ òórùn wọn, mo ń tò wọ́n sórí ẹní. Gbogbo wọn ló dára. Mo wá a títí orí mi fi wọ inú agbọ̀n.

"Ṣé o ti rí i?" ni ìyálé mi bi mí.

"Mo ṣì ń wá a."

"Tí o bá wọlé tán, a ó dé ewé lé ọ lórí."

Agbọ̀n ṣófo. Mo fọwọ́ kan obì orí ẹní: gbogbo wọn tutù bí omi kànga. Bí mo ṣe tú obì ká, bẹ́ẹ̀ ni mo tú ooru tí mo ń wá ká.

Màláàmù lóṣòó, ó mú obì méjì lórí ẹní, ó là wọ́n. "Níbo lo ti ra eléyìí?"

"Kuta, níjẹta."

"Èyí ńkọ́?"

"Ilé-Ogbó. Ó ti tó oṣù kan."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Obì tuntun ṣì ń mí ooru, ó yẹ kí n tẹ́ ẹ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ ná. Èmi dà á sínú agbọ̀n, àpò kan níhìn-ín, àpò kan lọ́hùn-ún, wọ́n sì ṣù jọ bí mo ṣe dà wọ́n. Ìyálé mi ti ní kí n máa yí i láràárọ̀. Ìgbéraga ni mò ń yí.

Màláàmù gba agbọ̀n méjì. Àdéhùn jẹ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyálé mi, ó sì nawọ́ sí ẹní. "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ rẹ dé."

Lálẹ́, mo lọ bá tíṣà lójúde, mo ní kó tún fi ibi tó nípọn yẹn hàn mí. Inú yàrá ni ohùn ìyálé mi ti wá.

"Tíṣà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án o. Yóò tú gbogbo rẹ̀ sórí ẹní."