Àmín Tí Ọ̀rẹ́ Mi Kò Ṣe

Ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ rìn láti gúúsù Chicago dé Indiana, kí Màríà Mímọ́ lè bá mi bẹ Ọmọ rẹ̀ pé kí ìyá mi má kú. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ rìn mọ̀. Ó mọ̀ kí a tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì bá mi rìn fún odindi ọjọ́ méjì láìla ẹnu sọ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Kí sùúrù máa ṣe baba rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìyá ni èmi ń sọ.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Yàrá méjì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ háyà ní Uptown, ní àríwá Chicago. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sì ń kàwé fún ìdánwò nọ́ọ̀sì. Òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ọsibítù kan, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn aláìsàn. Ọmọ Ìbàdàn ni, Mùsùlùmí ni, kì í fi ìrun kankan ṣeré. Èmi jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà láti Abẹ́òkúta. Ní oṣù keje ọdún náà, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé ara ìyá wa kò yá, pé inú wọn wú, pé wọ́n ti dá wọn dúró sí ọsibítù. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sùn dáadáa mọ́.

Obìnrin ará Pólándì kan wà níbi iṣẹ́ wa. Òun ló sọ fún mi pé lóṣù kẹjọ àwọn èèyàn òun máa ń fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ méjì lọ sí ojúbọ Màríà kan ní Indiana. Bí èèyàn bá dé ibẹ̀, á kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé pélébé, á sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Ó ní ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ gbé débẹ̀ kì í padà lásán.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

“Mo máa bá ẹ lọ.”

“Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé láti ibí dé bus stop, o ti ń mí hẹlẹhẹlẹ?”

“Mo máa swap shift mi. O ò ní dá lọ.”

Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ẹ wo Mùsùlùmí tó fẹ́ rìn tọ Màríà lọ nítorí ìyá mi. Bí mo bá rántí ẹkún ọjọ́ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ bàbá kan láago ní Auburn Gresham, ní gúúsù ìlú, tó jẹ́ àgbà fún gbogbo àwa ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Chicago, ó ní ìyá wa ti kú. Bàbá náà pe àgbà méjì mìíràn, wọ́n jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi títí mo fi máa ṣe ìdánwò. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ mi.

Mo mọ àṣà wa, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ mi. A kì í já irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lu èèyàn. A ó ní ara màmá kò yá, a ó tún ní kò yá rárá, lẹ́yìn náà àwọn àgbà á wá ní òwúrọ̀ kùtù. Ṣùgbọ́n nílé, irọ́ yẹn kì í ju ọjọ́ kan lọ. Bí o bá ti wọ agbo ilé, tí o rí àwọn èèyàn tó jókòó láìsọ̀rọ̀, ara rẹ á sọ fún ọ. Agbo ilé wo ló wà ní Uptown? Irọ́ tí wọ́n ń fi ṣàánú èèyàn fún ọjọ́ kan nílé, wọ́n gbé e wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ di ti oṣù kan.

A gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Èrò pọ̀, àgbélébùú wà níwájú, orin èdè Pólándì ń dún nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwa méjì nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Ní àdúgbò kan, ọkùnrin kan dúró níwájú ilé rẹ̀, ó jù wá ní èébú tí mi ò ní kọ síbí. Ìyá arúgbó kan tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi kọjá. Oòrùn mú wa bí ẹran àsun. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀rẹ́ mi yà sí orí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ó kírun Àìlá. Ó pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀. Èmi dúró, mò ń kùn pé èrò ti ń fi wá sílẹ̀. Ta ni mo rò pé ó ń gbàdúrà fún?

Bí mo bá ka ìlẹ̀kẹ̀ rosárì mi pé mẹ́wàá, mo máa ń gbàdúrà sókè ní Yorùbá kí òun náà lè bá mi ṣe é.

“Kí a débẹ̀ láyọ̀.”

“Àmín.”

“Kí exam mi yọrí sí rere.”

“Àmín o, ní ọlá Ànábì.”

“Kí Ọlọ́run fún ìwọ náà ní ọkọ gidi.”

“Àmín! Àmín! Jọ̀ọ́, repeat that one.”

“Kí Ọlọ́run wo màmá mi sàn.”

Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa so okùn bàtà rẹ̀. Tàbí á ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Tàbí ikọ́ á dé. Ọjọ́ méjì gbáko, okùn bàtà kan náà.

Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan la sùn sí. Wọ́n fún wa ní ọbẹ̀ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, búrẹ́dì lásán ni òun jẹ. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó. Ó wá omi iyọ̀, ó fi fọ̀ ọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló ń dùn ún. Mo tiẹ̀ ní kó pẹ̀lẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì a dé ojúbọ náà. A tò lẹ́yìn ara wa. Mo gba ìwé pélébé, mo kọ orúkọ ìyá mi, mo kọ pé kí wọ́n dìde lórí ibùsùn àìsàn. Kí n tó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, mo kà á sókè, mo wá yíjú sí ọ̀rẹ́ mi.

“Ṣe Àmín sí i.”

Ó bojú wo bàtà rẹ̀. Okùn rẹ̀ kò tú.

“Ṣe Àmín, kí n sọ ọ́ síbẹ̀.”

Kò dáhùn. Ẹni tó ń ṣe Àmín sí àdúrà ẹni tó sín nínú bọ́ọ̀sì, kò lè ṣe Àmín sí èyí. Bí wọ́n ṣe túfọ̀ ìyá mi fún mi nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Mo ké. Mo wó lulẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Pólándì rò pé ayọ̀ ló ń pa mí. Obìnrin kan dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí mi kú oríire ní èdè wọn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

“Wọ́n ní kí n má sọ,” ni ọ̀rẹ́ mi wí. “Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo kàn ní o ò ní dá rìn.”

“Tó bá jẹ́ tìẹ ni,” mo ní, “ìṣẹ́jú tí mo bá gbọ́ ni màá sọ fún ẹ. Mi ò ní fi ẹ́ ṣe òmùgọ̀ láé.”

Mo yege ìdánwò náà. Àwọn àgbà ní, “Ṣé o wá rí i báyìí?” Ìyẹn ló dùn mí jù.

Lẹ́yìn ọdún kan ó kó lọ sí Joliet, ìlú kan tí kò jìnnà sí Chicago, sí ọsibítù mìíràn, iṣẹ́ oúnjẹ kan náà. A ti ń bára wa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, bàbá Auburn Gresham yẹn pè mí. Àwọn ará Ìbàdàn ti wá òun kàn: bàbá ọ̀rẹ́ mi ti ṣaláìsí. “Má sọ fún un o. Jẹ́ kí àwa àgbà lọ bá a ní Sunday.”

Mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo wọ mọ́tò, mo wa ọkọ̀ nínú yìnyín dé Joliet. Mo ti ṣèlérí, mo sì fẹ́ kí gbogbo wọn rí bí òótọ́ ṣe rí. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé tírè oúnjẹ aláìsàn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi látọ̀ọ́kán.

“Daddy ẹ ti kú,” mo ní. “Láti ọjọ́ Tuesday.”

Kò ké.

“Ṣé o ò tiẹ̀ lè jẹ́ kí n gbé tírè yìí kalẹ̀ ná?”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà wá ń wá ibi tí mo máa gbé e kalẹ̀ sí.