Agolo Tí Bàbá Ọmọ Mi Fẹ̀yìn Tì

Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi ní fóònù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn aládùúgbò wa ní Ìwó níbí gbà pé ṣe ni mo ju fóònù sí i lọ́wọ́ kí n lè ráyè ránṣọ. Irọ́ ni. Mo jókòó tì í. Olùkọ́ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi ló sọ fún àwa òbí pé tí ọmọdé bá ń tẹ fóònù, kí òbí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa ṣàlàyé ohun tí ó ń tẹ̀ fún un. Àwọn òbí yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ráyè. Èmi ráyè. Ta ni mo tún ní tí mo fẹ́ jókòó tì?

Bàbá rẹ̀ ti wà ní Kánádà láti ìgbà tí ọmọ náà ṣì ń rákò. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀, ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ wà ní Olúpọ̀nnà, èmi ni mò ń gun ọ̀kadà lọ wò wọ́n. N kò fi bú u. Ohun tó ń rán sílé la fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ilé tó kọ́ ti tóbi ju èmi àti ọmọdé kan lọ. Tí mo bá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, mo máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú balùwẹ̀. Ìdánìkanwà yẹn ń ṣe mí bí àìsàn, n kò sì rí ẹni sọ fún, nítorí tí ọkọ ẹni bá ti wà lókè òkun, aráyé ò gbà pé ó yẹ kéèyàn ráhùn.

Ẹ̀rù kan wá ń bà mí tó ju ìyẹn lọ: kí ọmọ yìí má lọ dàgbà láìmọ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ọ̀hún ni mo fẹ́ kí ó máa rí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ ọ ní fóònù.

Àgékù aṣọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni mí, àgékù aṣọ kì í wọ́n nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gé àǹkárá aláwọ̀ ewé kan roboto, mo gé pupa kan, mo tẹ́ wọn sórí ẹní. "Tí bàbá rẹ bá pè, ewé ni kí o tẹ̀. Tí ẹ bá parí, dágbére, kí o tẹ pupa kó lè gé." Èmi a fi ẹnu dún bíi fóònù, òun a tẹ ewé, a ní "Hẹ́lò sà," a tẹ pupa. Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ ABD. Mo tún kọ́ ọ pé kí ó má gbé ìpè tí kò bá ti rí àwòrán bàbá rẹ̀ níbẹ̀, kí ó má tẹ ohun tí kò mọ̀, kí ó sì má gbàgbé pupa yẹn, torí dátà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dá gbé ìpè, ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Mo gbé fóònù dúró sórí tábìlì, ọmọ tẹ ewé, ojú bàbá rẹ̀ yọ. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ mi ti pariwo láti orí àga: "Kí ló dé tí o dúró gbagidi? Kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ!"

Ọmọ mi kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sì pòórá.

"Ibo ló lọ?" ni ọkọ mi ń bi mí.

"Ó ń kí yín ni."

"Mi ò rí nǹkan kan o. Fáànù ni mò ń wò."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ dìde, kó má kúnlẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ni òun fẹ́ rí. Màmá fàáké kọ́rí: "Kò jọ ọ́! Ṣé torí pé o wà níbi tí wọn kì í ti í kúnlẹ̀? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Ọ̀rọ̀ fẹ́ dìjà láàrin ìyá àti ọmọ, dátà sì ń jó lọ. Mo gbé agolo mílíìkì òfìfo kan sórí ẹní, mo fi fóònù fẹ̀yìn tì í. Ọmọ kúnlẹ̀, ó tẹ orí síwájú, ojú rẹ̀ wá ṣe déédéé ojú bàbá rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà." Ọ̀sán gangan ni nílé wa, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, mo ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n," ni Màmá wí. "Ọmọ tí a kọ́ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, orí ẹní ni bàbá ọmọ mi ń gbé, ó fẹ̀yìn ti agolo.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi já fáfá débi pé kò nílò mi mọ́. Fóònù á dún nígbà tí mo wà nídìí ẹ̀rọ, á sáré gbé agolo, á kúnlẹ̀, á tẹ ewé. Ó fi eyín tó yọ han bàbá rẹ̀, ó ka súrà tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé kéwú fún un. Láti ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kí n tó dé, ó ti dágbére, ó ti tẹ pupa. "Mọ́mì, Dádì ní kí n kí yín." Inú mi á dùn, inú mi á sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ọmọ ṣáà mọ bàbá rẹ̀, ohun tí mo wá lọ ni mo rí.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ọkọ mi wá sílé fún ìgbà díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Ó gbé báàgì sílẹ̀ ní pálọ̀, ó la apá méjèèjì, ó ní, "Wá, ọmọ mi."

Ọmọ wò ó láti bàtà títí dé orí. Èmi gan-an ti gbàgbé bí ọkọ mi ṣe ga tó. Bàbá tí ọmọ yìí mọ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó sá sẹ́yìn ìró mi. Màmá, tí wọ́n ti wá dúró dè é, ní kó kúnlẹ̀, kò kúnlẹ̀. Ó fa fóònù yọ lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá lọ, a sì gbọ́ ìró agolo nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Fóònù dún lápò ọkọ mi.

Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó wò mí. "Ó ń pè mí," ni ó wí.

Kò gbé ìpè náà. Ó wọ yàrá, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó rọra gbé fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ síbi tí fóònù wà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta yàrá.

"Yéè! O ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí o bí?" ni Màmá ń ké lẹ́yìn mi.

Ọmọ mi wo ojú náà. Ara rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi."

Ó sọ fún un pé ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ìbọ̀sẹ̀ òun. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àlejò kan dé sílé wa, Dádì. Ó ga gan-an."

"Ṣé o kí i?"

"Rárá sà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Ọmọ náà dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ní, "Ó dàbọ̀ sà," ó sì na ìka, ó tẹ abẹ́ àgbọ̀n bàbá rẹ̀, níbi tí pupa máa ń wà. Ó tún un tẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Mọ́mì, kò gé."

Mo ní kò ní í gé. Ọkọ mi gbójú sókè wò mí láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀, torí àwa méjèèjì mọ ọjọ́ tí ó ń padà sí Kánádà.